Ẹni Tó Bá Mira, Ojú Rẹ̀ Á Sọnù

Goro, ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun alásàrí

Latifath ọmọ mi,

Jọ̀wọ́ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ọ. Èmi fúnra mi ni mo di kálàmù yìí mú, n kò bẹ ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ọdún kìíní mi rèé ní kíláàsì àwọn àgbà, àwọn tó wà ní ọdún kejì pàápàá kò tíì dá a láṣà láti kọ lẹ́tà, ta wá ni èmi tí mo ń kọ ọ́ sí ọmọ tó jáde yunifásítì. Mo ti ya ìwé dà nù kí n tó débi yìí. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì lórí, bá mi fi sí i, má sì rẹ́rìn-ín sókè.

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, báwo ni atẹ́gùn etí òkun tí o ní ó ń fa ikọ́ fún ọ? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ lọ síbi tí wọn kò ti mọ iyì rẹ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Iṣu tuntun ti jáde, àgùntàn àbúrò mi tí ò ń pè ní tàtá bí ìbejì, igi kajú ẹ̀yìn ilé tí ìjì ṣẹ́ lápá ti tún ń rúwé. Ìyá àgbà Rahamatou ń kí ọ, ó ní ṣé o ti lọ́kọ, mo ní iṣẹ́ ló gbà ọ́ lọ́kàn, ó ní òun náà ṣiṣẹ́ láyé òun, iṣẹ́ kò sì dí ọkọ lọ́nà kó má wọlé.

Ọ̀rọ̀ fídíò ló mú mi kọ̀wé. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́sí, ohùn rẹ dà bíi ti ẹni tó sunkún tán kó tó pè. O ní Màdáàmù Roukaya tó ń ta òrí nínú ike kéékèèké ní Kútọnu, tó gbé iṣẹ́ ìpolówó ọjà rẹ̀ fún ọ, ní òun kò gba fídíò tí o wá yà lágbàlá wa. Ó ní àwọn obìnrin inú rẹ̀ dúró bí òpó, ẹnì kan kò po òrí, ẹnì kan kò rẹ́rìn-ín, pé kí o tún un yà kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á gbé e fún ẹlòmíràn. Ìwọ sì ní owó tó fún ọ kò tó nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ó ti tán sórí ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn tó bá ọ gbé ẹ̀rọ wá, bóyá kí o kúkú fi iṣẹ́ fídíò sílẹ̀ kí o máa bọ̀ wá bá mi ta kajú. Lẹ́yìn náà lo bi mí pé màámi, kí ló dé tí ẹ kò mira nígbà tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe bí ẹ ti máa ń ṣe. Kírédì tán kí n tó la ẹnu. Ìdáhùn ìbéèrè náà nìyí.

Èmi ni mo ní kí wọ́n má mira. O kò bá ayé Yessoufou ayàwòrán. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí a bá ti ta òwú tán, á gun kẹ̀kẹ́ láti Parakou wá, á gbé àpótí rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, á ta aṣọ mọ́ ara ògiri ilé ọba, gbogbo Goro á sì wẹ̀, á fi òrí pa ara títí á fi máa dán. Aago ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà ní abúlé nígbà náà, ọwọ́ kan ń gbé e fún ọwọ́ kejì, gbogbo wa la fi ya fọ́tò, kò sì ṣiṣẹ́. Bí ó bá kan ọ́, Yessoufou á ní má mira, má mí, ẹni tó bá mira, ojú rẹ̀ á sọnù. A máa ń dúró débi pé eṣinṣin á rìn lórí ètè wa. Lẹ́yìn náà ni a ó wá yí korobá omi rẹ̀ ká, omi yẹn ń rùn bí ọtí kíkan, a ó sì máa wo ojú wa bó ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lórí ìwé bí ẹni tó ń jí lójú oorun. N kò tíì rí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n Seidou bàbá rẹ kò mọ bí wọ́n ti ń dúró jẹ́ẹ́. Ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó, a jọ dúró, Yessoufou ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ewúrẹ́ kan sì wá ń jẹ etí aṣọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá rẹ rí i, ló bá ju orí sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Èmi dúró. Nígbà tí ojú wa yọ nínú omi, èmi nìyẹn kedere pẹ̀lú aago, bàbá rẹ sì di èéfín lókè ọrùn agbádá. A ní a ó tún un yà lọ́dún tó ń bọ̀, Yessoufou kò wá mọ́, ìwọ ṣì ń rákò nígbà tí Ọlọ́run pe bàbá rẹ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ó ní nìyẹn. Ìwọ náà bi mí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí o kéré pé, màámi, ṣé bàbá mi kò ní orí ni.

Ìdí rèé tí mo fi lọ láti ojúlé dé ojúlé kí o tó dé, tí mo ní kí wọ́n wọ aṣọ ọdún, kí wọ́n má sì mira, nítorí n kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni sọnù nínú iṣẹ́ ọmọ mi. Bí o ti ń sọ pé ẹ máa pò ó, ẹ máa pò ó, èmi ni wọ́n ń wò.

Taofic tó ni ẹ̀rọ ìlọta gbé fídíò náà, èyí tí o ti gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí Màdáàmù tó kọ̀ ọ́, hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló ti wò ó, pé àwọn kan tilẹ̀ ń béèrè bóyá ère ni wá. Ìyẹn kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé nínú gbogbo wọn, ẹnì kan kò ní ẹ kú ilé. Láyé tiwa, ẹni tó bá yọjú wo agbàlá á kí onílé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbálẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, mo ti ká ìró mi tó ya kúrò lórí okùn, mo sì gbé àmù omi sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ wa ní wọn kò rí wa báyìí, pé ti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń rí. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ni, mo ṣì ń gbálẹ̀.

Ní báyìí, má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwọ nìkan ni kí o wá, gun ọ̀kadà zémìjàn láti Tchaourou, kí ó rọra nítorí ẹrẹ̀. Ilé ni o ó sùn, iṣu ni o ó jẹ, èmi ni n ó di aṣọ funfun tó ń ti oòrùn sójú ènìyàn mú, mo ti wo bí ọmọkùnrin tó bá ọ wá ti ń ṣe é. Kóró òrí wà nílẹ̀, a ti yan án, aṣọ iṣẹ́ ni gbogbo wọn máa wọ̀. Mo ti ń kọ́ wọn ní mímira. Ìyá àgbà Rahamatou ní láti ìgbà tí òun ti ń po òrí, òun kò tíì rí ẹni tó pe òun jókòó láti kọ́ òun bí wọ́n ti ń pò ó, pé ṣé nǹkan tí wọ́n ń kọ́ mi ní kíláàsì nìyẹn. Chérifatou ìyàwó Taofic ń mi orí bí alángbá, mo sọ ọ́ títí, kò gbà. N kò mọ̀ bóyá mo tún ti bà á jẹ́ níbòmíràn. Bí o bá rí i pé ó pọ̀ jù, ìwọ ni kí o sọ fún wọn, kí n má baà tún ṣìnà.

Ohun kan wà lọ́kàn mi. Bí Taofic ti ń fi fídíò yẹn hàn mí, adìẹ kan sáré kọjá níwájú wa nínú rẹ̀. Mo ní kó dá a padà. Adìẹ náà tún sáré, orí rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀, àní mo rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ tiyín yìí kì í sọ ojú ohun tó ń mira nù. Ká ní ó ti wà nígbà náà, bàbá rẹ ì bá kún inú rẹ̀. Nítorí náà bí o bá dé, tí o bá ti ya ti Màdáàmù tán, mo fẹ́ kí o gbé ẹ̀rọ rẹ síwájú fọ́tò wa kí o jẹ́ kó wò ó pẹ́ dáadáa. Bóyá ó lè rí i níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Bí kò bá ṣeé ṣe, má tètè sọ fún mi.

Bí owó kékeré bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, ra kálàmù àti ìwé bọ̀ fún mi, èyí tó ní ìlà gbòòrò. Bí kò bá sì sí, má dààmú, n ó máa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn èyí tó wà. Ọlọ́run á fi àánú sójú àwọn tí o ń ṣiṣẹ́ fún, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lórí ẹ̀rọ, ohun tí o bá yà kò ní sọnù. Àmín.

Jọ̀wọ́, má fi lẹ́tà yìí han ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ wa bá rí i, á fi pupa kun gbogbo rẹ̀. Àwọn obìnrin Goro sì gbà pé ẹ̀rù kò bà mí mọ́, wọn kò mọ̀ pé bí fóònù Taofic bá ti kọjú sí mi, èmi tí mo ń kọ́ wọn ní mímira ṣì ń di èémí mú. Fi í sábẹ́ aṣọ rẹ. Kó wà láàárín èmi àti ìwọ, títí a ó fi rí ojú ẹni kẹta wa.

Ìyá rẹ,
Alimatou