Iṣu fún Ẹni Tó Ń Sùn Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọbalolúwa ọmọ mi ọ̀wọ́n, okun o, okun iṣẹ́ o. Ṣé ara le ní Èkó? Dáadáa la wà ní Kàbà, ayọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè jókòó sójú kan. Ọlọ́run tó fún mi lọ́kọ lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti lọ tipẹ́, á fún ìwọ náà níyàwó tí á máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, bí Gbádéyan ṣe ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ. O ní ohun tí kò jẹ́ kí o wá síbi ìgbéyàwó wa ni ọkàn kọ̀ǹpútà tó ń darí tẹlifóònù níbi iṣẹ́ yín, tí ẹ fẹ́ lẹ̀ bí aṣọ tó ya, láìpa á, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. O ní ìṣọ́ wà lórí ìrántí rẹ̀: ẹ lè kà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ nǹkan sí i láìkọ́kọ́ ṣí ìṣọ́ náà, gbogbo ẹ̀rọ á dákú, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ. O tún ní iṣẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ṣì ń sùn níbi tí ẹ fẹ́ pààrọ̀, àfi kó jí kó jáde kí ẹ tó lè lẹ̀ ẹ́.

Mo sọ fún Gbádéyan. O mọ̀ pé káfíńtà ni. Ó ní bí òun ṣe ń yọ òpó tí ikán jẹ nìyẹn, láìwó ilé: òun á fi igi ti òrùlé, òun á sì kí “okun” lẹ́nu ọ̀nà títí ẹni tó ń sùn á fi jáde. Ó ní kí ìwọ náà kí i, kí o má ta á jí. Èmi sì rò ó pé ohun tó bá sùn á jí, ohun tó bá jí, ebi á pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi iṣu rán Josiah awakọ̀. Ńlá ni tìrẹ, kékeré ni ti ẹni tó ń sùn yẹn. Má jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ o.

Àná ni Martha àbúrò rẹ dé láti ilé tẹlifóònù tó ti bá ọ sọ̀rọ̀, ó ní o ní ẹ ti lẹ̀ ẹ́, kò sì dákú. Mo jó dé ìta! Ọlọ́run ṣeun. Gbádéyan ń béèrè bóyá ẹni tó ń sùn yẹn jẹ iṣu.

O bi mí bóyá mo máa gbàgbé bàbá rẹ. Ọmọ mi, ìṣọ́ wà lórí ìrántí tirẹ̀ náà. Èèyàn lè kà á, ẹnikẹ́ni ò lè kọ nǹkan lé e. Gbádéyan fúnra rẹ̀ ló nu àwòrán bàbá rẹ lára ògiri, tó sì tún ìṣó rẹ̀ kàn. Ọlọ́run tún ilé mi ṣe nígbà tí mo ṣì ń gbé inú rẹ̀, n kò sì dákú.

Jọ̀ọ́, fi owó páànù ránṣẹ́, yàrá rẹ ń jò, Gbádéyan sì fẹ́ kó gbẹ kí o tó wá síbi ìdúpẹ́ wa. Wá o. Ọ̀nà á là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Bí o bá dé, kí “okun” lẹ́nu ọ̀nà kí o tó wọlé, ìyàwó ọ̀ṣìngín lè máa sùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rhoda.