Ewúrẹ́ Ló Ń Jẹ Èèrí Ọsàn Mi

Fisáyọ̀mi ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo jí l'Ékòó? Ọkọ rẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ìròyìn burúkú kò ní gba ọ̀nà Ìbàdàn wá bá mi láti ọ̀dọ̀ rẹ, àmín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ẹnuwá, àfi orúnkún mi tí ìwọ náà mọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó kọ̀wé. Lọ́jọ́ tí o pè mí lórí fóònù, o ní ìnfọméṣọ̀n ló wà nínú orúnkún mi, pé omi èso ni yóò lé e jáde. Mo ní òótọ́ lọmọ mi sọ, torí bí òjò bá ń bọ̀ láti ọ̀nà Oǹdó, orúnkún yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi, kí rédíò tó gbọ́. Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ dé, ó ń fún ọsàn, ó ń fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Mò ń mu ife méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́. Ṣé oògùn tí ọmọ ẹni rà ni èèyàn á máa ṣahun sí?

Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Ọ̀fun mi ń gbẹ, kí n sì tó tọ̀ tán, òmíràn ti dé. Mo bá lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Mayfair. Nọ́ọ̀sì Fúnlọ́lá ní kí n gba ààwẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì kí òun lè yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Inú mi dùn pé ẹni Ọlọ́run ni wọ́n níbẹ̀. Mo gba ààwẹ̀ Dáníẹ́lì, èyí tó gba èso láàyè: mo mu júùsì ife mẹ́ta, mo ka Sáàmù, mo lọ. Ó gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó kígbe Jésù, èmi náà ṣe àmín. Ó ní ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi ti ga kọjá ààlà. Mo ní irọ́ ni, mi ò fi ṣúgà sí tíì láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Ó ní ṣé mo mu nǹkan wá ni. Mo ní rárá o, júùsì nìkan ni.

Ọmọbìnrin náà káwọ́ lérí. Ó ní bí a bá fún omi ọsàn jáde, ṣúgà rẹ̀ á máa sáré wọ ẹ̀jẹ̀, pé èèrí tí à ń dànù ló máa ń dá a dúró. Tó bá sì ń pọ̀ jù lójoojúmọ́, inú ara á máa gbóná, á máa wú. Ó ní ìyẹn ni ìnfilaméṣọ̀n, kì í ṣe ìnfọméṣọ̀n. Létí tèmi, ọ̀kan náà ni. Ó ní kí n máa jẹ ọsàn tòun ti awẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan péré lójúmọ́. Ó kọ oògùn oṣù kan fún mi, ó ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Tí ò bá tíì wálẹ̀, ó lè di abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́. Fisáyọ̀, ẹ̀rù bà mí, mo sunkún lórí ọ̀kadà.

Háà, ewúrẹ́ mi ló sì ń jẹ gbogbo èèrí yẹn! Irun rẹ̀ ń dán, ó bí ìbẹta, ó ń fo ògiri. Roqeeb tó ń ta ẹran ní Sábó wá bi mí pé kí ni mò ń fún un jẹ, inú bí mi, mo ní kó lọ bi ewúrẹ́ léèrè. Ìlera tí ọmọ mi fowó rà, ewúrẹ́ ló gbé e jẹ!

Jọ̀ọ́, wá owó oògùn oṣù kan fún mi, mi ò ní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. O ní ìwọ náà ń mu júùsì yìí láràárọ̀ dípò oúnjẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ṣáá, ó sì ń rẹ̀ ọ́. Ọmọ mi, má fi owó náà ránṣẹ́ ná. Gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi gún ìka tìrẹ. Tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, kí o wá fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀mí rẹ á gùn ju tèmi lọ, lágbára Ọlọ́run.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.