Orúkọ Bàbá Ọkọ Mi Ni, Ṣùgbọ́n Ojú Ẹlòmíì Ló Wà Nínú Fíìmù Náà

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Mo ti parọ́ fún ọkọ mi, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa jáde nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Calgary la wà, ní Canada, àdúgbò Temple níbí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Engineer ni ọkọ mi, iṣẹ́ epo ló ń ṣe kó tó di pé owó epo já wálẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn bí ẹni ń gbálẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti lay off ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń apply. Nígbà tó yá, ó kó laptop lọ sí basement, ó ní òun ń wá nǹkan. Ẹ mọ nǹkan tó ń wá? Fíìmù. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n London, ti sixties... ẹ ṣáà jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bàbá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n máa pé ọgọ́rin ọdún ní Saturday tó ń bọ̀ yìí. London ni wọ́n ti kàwé nígbà ọ̀dọ́ wọn, ìtàn kan sì wà tí gbogbo ọmọ wọn mọ̀ bí ẹni mọ Our Father: pé òyìnbó pe Bàbá sórí tẹlifíṣọ̀n, pé wọ́n sọ̀rọ̀ nípa Nàìjíríà, gbogbo London sì gbọ́. Ìtàn yẹn ni ọkọ mi fi dàgbà. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà tó ń dẹnu kọ mí. Tí ẹ̀rù interview bá ń bà á, ohun tó máa ń sọ fún ara ẹ̀ ni pé ọmọ ẹni tó jókòó níwájú kámẹ́rà òyìnbó lòun.

Ẹ̀rí tí wọ́n ní ni pé Bàbá lè ka gbogbo ètò tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn fún yín. Ní báyìí tí wọ́n ti ń gbàgbé orúkọ Tọ́mi ọmọ wa, wọn ò gbàgbé ìyẹn. Wọ́n á ní láàárọ̀ kò sí nǹkan kan, àwòrán kan ṣoṣo ló dúró sójú ẹ̀, tí orin ń lọ lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ètò àwọn ọmọ iléèwé, tíṣà kan ń fi ṣọ́ọ̀kì ya odò. Lọ́sàn-án, ọmọlangidi fún àwọn ọmọ kéékèèké. Eré ìje ẹṣin, òjò ń pa àwọn ẹṣin náà. Wọ́n á tún ti tẹlifíṣọ̀n pa fúngbà díẹ̀, àbí ẹ ò mọ̀ pé nígbà yẹn kì í ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ní aago márùn-ún, obìnrin kan ń fi páálí kọ́ ilé ẹyẹ fún àwọn ọmọdé. Ìròyìn. Ètò tiwọn. Lẹ́yìn ẹ̀, eré kan tí ọkọ àti ìyàwó ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Bójú ọjọ́ ṣe máa rí. Orin orílẹ̀-èdè wọn, ti Queen. Wọ́n á wá pa á, iná bíńtín kan á kù láàárín ojú ẹ̀, á máa kéré lọ, á kú.

Ọkọ mi á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù. Èmi ńkọ́? Èmi tí mo ti double shift bọ̀, tí mo bá abọ́ nínú sink, tí mo bá odidi géńdé ọkọ mi tó ń kọ email sí England láti wá fíìmù? Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́. Ṣé fíìmù la fẹ́ jẹ ni? Mo bá a jà lọ́jọ́ kan. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Jẹ́ kí n rí nǹkan kan ṣe yọrí lọ́dún yìí.” Mo lọ fọ abọ́ mi.

Lóòótọ́, ó rí nǹkan kan. Ó rí ojú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí wọ́n to gbogbo ètò ọjọ́ yẹn sí, ó bá ohun tí Bàbá ń kà mu, orúkọ Bàbá sì wà níbẹ̀, pé akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà. Ó jó yí parlour ká. Ó fi sí frame, ó gbé e kọ́. Ló bá ní òun máa rí fíìmù náà kó tó di birthday, kí gbogbo church wò ó. Ni mo bá bá a dá àdéhùn: gbé wíwá fíìmù fún mi, ìwọ padà sídìí job. Ó gbà. Mo fi email tèmi kọ̀wé síbì kan tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù àtijọ́ sí ní England.

Wọ́n dá mi lóhùn. Fíìmù náà wà. Inú mọ́tò ni mo ti wò ó, ní parking lot ibi iṣẹ́, mo ti ń rẹ́rìn-ín kó tó ṣí... Òyìnbó tó ń ṣètò pe orúkọ Bàbá ketekete. Ẹni tó dáhùn ga, ó dúdú, ó léjìí. Bàbá kò ga, pupa ni wọ́n, àbàjà sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì. Ojú ẹni yìí mọ́ roro, kò sí ilà kankan. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi lọ fún interview ní Okotoks, ìlú kan nítòsí wa. Mo gbé tablet síwájú Bàbá. Wọ́n wò ó, wọ́n wá fọwọ́ kan ojú ẹni yẹn lórí tablet. Wọ́n ní, “Gbóyè.”

Gbóyè ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Ó jẹ́ pé Bàbá ni àwọn tẹlifíṣọ̀n kọ̀wé pè lóòótọ́, torí lẹ́tà kan tí Bàbá kọ sí ìwé ìròyìn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n jókòó sí parlour onílé, wọn ò lè dìde. Gbóyè bá gba táì lọ́rùn wọn, ó ní, “Wọn ò rí ẹ rí. Lójú tiwọn, ìkan náà ni wá.” Ó jáde. Bàbá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n onílé láti àárọ̀, láti ìgbà tó ti jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́ tí òyìnbó ń pe orúkọ wọn mọ́ Gbóyè lójú, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi pa tẹlifíṣọ̀n lálẹ́. Ìgbà yẹn lọ́rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹni tó wà nínú studio, báwo ló ṣe máa mọ gbogbo nǹkan tó kọjá lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ yẹn? Ọdún mélòó la ti ń gbọ́ ọ? Gbogbo wa tá a kàwé yìí, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ojú ìwé yẹn ránṣẹ́ sílé, bàbá wọn ti pe gbogbo àdúgbò jẹun lé e lórí. Gbóyè ò sì pẹ́ láyé. Òtútù àyà pa á ní winter tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bàbá ò ní fọ́tò ẹ̀ kankan. Ni wọ́n bá ṣí fìlà, odidi bàbá ọkọ mi, wọ́n ṣí fìlà fún èmi ìyàwó ilé. Wọ́n ní, “Ìyá Tọ́mi, má sọ fún un. Tí mo bá ti lọ, kó o wá sọ ọ́.” Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní mo gbọ́.

Ọkọ mi wọlé, wọn ò gbà á síṣẹ́ náà. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi bi mí bóyá England ti fèsì. Mo ní wọ́n ti fèsì, mo ní wọ́n ti pa fíìmù náà rẹ́ tipẹ́. Ó ní, “Okay.” Ó bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement. Kò tíì apply fún nǹkan kan látìgbà yẹn.

Ká ní ó parí síbẹ̀, mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n Bàbá fẹ́ máa rí Gbóyè lójoojúmọ́. Tí ọkọ mi bá ti jáde, wọ́n á ní kí n mú Gbóyè wá, màá gbé tablet, wọ́n á wò ó, wọ́n á máa bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbàgbé yẹn sì ń le sí i. Ní Tuesday, ọkọ mi dé láti ibi tó ti lọ gbé Tọ́mi, Bàbá bá sọ fún un pé Gbóyè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Ó ní ta ni Gbóyè? Bàbá ní ọkùnrin dáadáa kan, ó ga, ó léjìí, pé Ìyá Tọ́mi ló máa ń mú un wá tí òun ọkọ mi ò bá ti sí nílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi... ọkọ mi bi mí léèrè, ta ni Gbóyè. Mo kólòlò. Mo ní Bàbá ń ṣìnà ni. Ó ní Bàbá ò mọ orúkọ Tọ́mi mọ́, ibo ni wọ́n ti rí orúkọ Gbóyè? Ó tọrọ phone mi, mi ò fún un, torí fíìmù yẹn wà nínú ẹ̀. Ẹ ò rí i bó ṣe máa jọ? Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà yẹn. Ó ti pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Edmonton pé kó tètè dé ní Friday, kí ìdílé jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi kí àlejò tó pé.

Inú ń bí mi sí gbogbo wọn. Inú ń bí mi sí Bàbá tó gbé ẹrù yìí lé mi lórí tó sì ń gbàgbé pé òun gbé e. Inú ń bí mi sí ọkọ mi tó rọrùn fún láti gbà pé mò ń gbé ọkùnrin wọlé, èmi tí mi ò rí àyè sùn. Tí mo bá fi fíìmù náà hàn án, mo wẹ ara mi mọ́, mo sì gba nǹkan kan ṣoṣo tó kù tó fi ń pe ara ẹ̀ lọ́kùnrin. Tí mi ò bá fi hàn án, ìdílé ń jókòó lé mi lórí ní Friday. Ṣé kí n tú àṣírí tí Bàbá ṣí fìlà bẹ̀ mí lé lórí? Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe tó bá jẹ́ ẹ̀yin. Ọkọ mi ti jáde báyìí, Bàbá ti ń pè mí nínú parlour pé ṣé Gbóyè ò wá lónìí ni... kí ni kí n ṣe?