Bàbá Wa, Ọkọ̀ Pupa Yín Ti Rìn

Bàbá wa, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ lọ. Ọdún mẹ́ta! Ilé ò wó, àwa náà ò wó. A ṣáà wà.

Àbíkẹ́yìn yín ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Yàrá òkè tí ẹ kò rí parí ti ní òrùlé. Ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà yín kò tì. Àbúrò yín, Afínjú, ló ń ṣí i, aṣọ funfun ló sì tún ń wọ̀ rẹ́ pákó.

Àkọ́bí yín obìnrin gan-an la fẹ́ ròyìn fún yín. Kò sunkún níjọ́ tí a sin yín. Títí dòní, kò tíì sunkún.

Ìyá wa ló ní kí ọkọ̀ pupa yín, arúgbó asáré tí ẹ kẹ́ bí ọmọ, kúrò nílé, ká tà á. "Ojú mi ò gbà á mọ́," ni wọ́n wí. Oníbàárà dé, ó wà á wò, ó tẹná mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà, ọkọ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ ká tó yí jíà, ti jẹ tán. Ọkùnrin náà ní òun ò rà á bẹ́ẹ̀.

Àkọ́bí ní, "Èmi ni màá pààrọ̀ ẹ̀."

Òun àti Afínjú fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti irin sábẹ́ rẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ọ́ìlì dúdú dà sí Afínjú láyà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo ayé mi!" ló ń ké pè yín. Ìyá wa rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Àkọ́bí ò rẹ́rìn-ín.

Pílétì kílọ́ọ̀ṣì tó yọ jáde ti fẹ́lẹ́, ó ń dán. Ẹsẹ̀ òsì yín ló jẹ ẹ́ tán, Bàbá wa! Àkọ́bí gbé e lé itan, ó ń dúró de ẹkún. Ẹkún ò wá. Ó mú tuntun, ó fi sí i.

Gíábọ́ọ̀sì kọ̀, kò wọlé, torí pílétì ò dúró sí àárín gan-an. Wọ́n tún un tò, ó kọ̀. Wọ́n tún un tò, ó wọlé, ó dún gbì.

Kí oníbàárà tó padà dé, Ìyá wa jáde, wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀. "Gbé mi jáde."

"Ibo là ń lọ, Mọ́mì?"

"Ibi tó bá wù ẹ́."

Ọkọ̀ rìn. Kò ké, kò wọ́. Ìyá wa sunkún láti ẹnu géètì títí wọ́n fi padà. Àkọ́bí ń yí jíà ní tirẹ̀. Lọ́sàn-án yẹn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, ó lọ fọ ọ́ìlì dúdú kúrò léèékánná.

Bàbá wa, ó ní ká bá òun sọ fún yín: òun ò tíì sunkún, kì í ṣe pé òun ò fẹ́ràn yín. Ó ní ara òun ni kò tíì gbọ́ pé ẹ ti lọ.

A gbà á gbọ́. Àárò yín ṣì ń sọ wá, àtẹni tó sunkún, àtẹni tí kò rí ẹkún sun. A fẹ́ràn yín, Bàbá wa. A fẹ́ràn yín síbẹ̀!