Ìwé Tí Kò Sẹ́ni Tó Sunkún Nínú Rẹ̀

Màmá mi, ẹ kúulé o. Ara mi ti yá lẹ́yìn oyún tó bàjẹ́ lára mi yẹn, ẹ má ronú mọ́.

Màmá Merle, aládùúgbò wa ní Bundaberg ní Australia níbí, mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń jíròrò ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, nípa ọmọbìnrin kan láti Vanuatu, erékùṣù tiwa, tí wọ́n pa nínú oko ìrèké láyé àtijọ́.

Obìnrin kan ní, "Mo ti mọ apànìyàn tipẹ́!"

Màmá Merle ní, "Irọ́ ńlá! Ìwọ tó o fura sí ẹṣin!"

Wọ́n bi mí léèrè tèmi. Mo ní ìwé náà dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tẹ́ ẹní jókòó sunkún ọmọ náà bí a ti ń ṣe nílé tí èèyàn bá kú.

Màmá Merle di ọwọ́ mi mú. "Ìyàwó, ta ló bá ẹ sunkún tìẹ?"

Mo ní Kalsong ọkọ mi máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́.

Kalsong kí yín. Ẹ kí àwọn àǹtí mi. Ẹ ní kí wọ́n bá wa sunkún díẹ̀.

Ọmọ yín, Leisavi