Gílóòbù Tí Kò Gbóná àti Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun, ṣé ọkọ rẹ sì ń rí àyè sinmi bó bá ti ibi iṣẹ́ dé? Àwa náà wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Olúwa tó ń ṣọ́ ọ lójú títì ibẹ̀ yẹn, níbi tí mọ́tò ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò ní gbójú kúrò lára rẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin kí ọ, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún àwọn ti fúyẹ́. Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òrùlé wa kò jò. Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó mú mi gbé báírò.

Páálí gílóòbù tó o fi rán awakọ̀ sí wa ti dé, ẹyọ kan kò fọ́ níbẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà kí n tó ṣí i, o ṣáà mọ̀ mí, mi kì í ṣí nǹkan tí mi ò tíì kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná wáàtì mẹ́sàn-án ni èyí tuntun ń jẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wáàtì àádọ́ta ló ń ṣe. Mo ní háà, kí wá ni mọ́kànlélógójì tó kù ti ń ṣe nínú ilé wa látọjọ́ yìí? Wọ́n tún kọ ọ́ pé yóò lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá rẹ ní ta ni yóò jókòó ka ọdún fún gílóòbù, àbí ilé iṣẹ́ tó ṣe é á máa rán ènìyàn wá bẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo ní kí wọ́n má fi àwọn ẹni ẹlẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó ṣe é ti tan án sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó lè mọ̀.

Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa ló wá pààrọ̀ wọn, èyí tí a ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án, torí ohun tó máa ń sọ nínú ilé gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ó yọ àwọn ti àtijọ́ tó o rà fún wa nígbà tó o tún pálọ̀ ṣe, àwọn kéékèèké olójú dígí tó máa ń gbóná janjan yẹn, ó yọ àwọn ti òkè àjà, ó yọ ti iná ọlọ́rùn gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ. Nígbà tó tan àwọn tuntun, gbogbo pálọ̀ mọ́ kedere, mo rí ilé aláǹtakùn lẹ́yìn fọ́tò ìgbéyàwó rẹ, ojú tì mí níwájú oníṣẹ́ iná. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa tó gbóná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀, pé kí n fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi, Má-Fọwọ́-Kàn-Án fúnra rẹ̀ ló ní kí n fọwọ́ kàn án! Mo na ìka kan sí i bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Ìdí rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde, mi ò rí ooru kan tó ṣe é fi yangàn.

Mo ní kó ṣàlàyé fún mi, ibo ni ooru náà wá lọ? Ó ní ooru ni gílóòbù àtijọ́ ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná ṣe, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣe kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni èyí tuntun gbájú mọ́. Mo ní a jẹ́ pé ààrò la so mọ́ òkè àjà láti ọdún wọ̀nyí, tí a ń sanwó rẹ̀ láìgbé nǹkan kan kaná. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

O mọ̀ pé bàbá rẹ máa ń sọ pé ẹsẹ̀ òsì àwọn ń tutù. Bí wọ́n bá ti jókòó nírọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ ọrùn iná ẹ̀gbẹ́ àga wọn wálẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń yáná. Lẹ́yìn tí a pààrọ̀ gílóòbù, wọ́n ṣì ń nà án síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ń gbóná. Wọ́n ní ó ń gbóná dáadáa, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo gbé ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mi ò rí ooru. Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá ọkùnrin nìkan ni gílóòbù náà ń gbóná fún, o mọ bí àwọn nǹkan ayé ìsinsìnyí ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń rìn mí lára. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti dijú tí wọ́n ń gbọ́ rédíò, mo rọra pa iná náà, mo wá bi wọ́n pé ooru ńkọ́. Wọ́n ní ó dáa, ó tilẹ̀ ti fẹ́ pọ̀ jù.

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Mo rẹ aṣọ sínú omi tútù, mo fi lé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò mira. Mo ní ká dìde, ká lọ rí nọ́ọ̀sì.

Wọ́n ní àwọn ò lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kankan, pé ẹsẹ̀ tó ń gbé àwọn rìn kò ṣàìsàn. Mo ní bí wọn ò bá lọ, mi ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ìsinmi dé nìyẹn. Mo wọ aṣọ ìjáde mi, mo gbé báàgì lé ẹsẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mi ò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi wá fìlà wọn.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa òwú kékeré kan yọ, ó ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n máa wí pé bẹ́ẹ̀ ni bí ara wọn bá ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi, kò tíì kàn wọ́n rárá tí bàbá rẹ ti ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó wá kàn wọ́n lóòótọ́, wọ́n dákẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó rí ibi tó ti bó ní gìgísẹ̀, ó bi wá pé kí ló jó wọn. Mo ní kò sí iná tí wọ́n ń sún mọ́ nílé wa àfi ti gílóòbù. Àfìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ṣúgà ti pọ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà yìí ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà má mọ nǹkan kan mọ́, pé gílóòbù àtijọ́ ti ń sun wọ́n díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pè é ní ìgbádùn. Ó ní egbò náà kò tíì jìn, ṣùgbọ́n ká ní ó pẹ́ sí i, gígé ni à bá máa sọ. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í, wọ́n fún wọn lóògùn tí wọ́n á máa lò. Ó ti ń jinná báyìí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ wá sílé, bàbá rẹ di apá mi mú, ohun tí wọn kì í ṣe lójú títì. Wọ́n ní àwọn rò pé bí ọjọ́ ogbó ṣe ń rí nìyẹn, pé ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ sùn kí ẹni tó ni ín tó sùn.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò lójoojúmọ́. Mo máa ń gbé e lé itan mi, mo máa ń wo àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú, kò sẹ́ni tó wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn rí. Mo ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Owó bàtà ni mo fẹ́ tọrọ, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n wọ èyí tó bo gbogbo ẹsẹ̀, tó sì rọ̀ nínú, àmọ́ sálúbàtà tó ti já yẹn ni wọ́n fẹ́ràn. Má sọ fún wọn pé mo béèrè. Wọ́n ní kí n kí ọ, pé kò sí nǹkan tó ṣe àwọn.

Bó o ṣe ronú kàn wá nígbà tí a ò béèrè, Olúwa yóò ronú kan ìwọ náà kó o tó béèrè. Ohun tó bá ń dùn ọ́ tó o ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wàá rí ẹni tó máa bi ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.