Ọkọ̀ Yín Kò Ní Di Ìsọ̀ Obì

Bàbá mi, tí ẹ kọ́ mi ní sùúrù tí n kò gbà,

Mo ti wa ọkọ̀ yín o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín ni àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Abidjan ti pín ogún. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gba ilé Adjamé, èmi gba ìkòkò àti aṣọ. Ọkọ̀ onípákó tí ẹ fi ń gbé òṣìṣẹ́ sọdá ọ̀sà láti Yopougon lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Treichville, kí bató, ọkọ̀ ojú omi ńláńlá onígíláàsì, tó dé, àbúrò yín tó ń ta obì ní Anyama ni wọ́n fún. Ó fẹ́ tú u, kó fi pákó rẹ̀ kan ìsọ̀.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, bí ẹni ń wọ mọ́sálásí? Àwọn ará ìlú wa ní ọjà Roxy ń fi yín rẹ́rìn-ín: ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ló mọ omi? Ẹ ó kàn fa ẹ́ńjìnnì yín, ẹ ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá nawọ́ sí ìtọ́kọ̀, ẹ ó gbá ọwọ́ mi kúrò, nítorí pé obìnrin ni mí, èrò yóò sá. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Ta lẹ rò pé ó ń wo ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn ní gbogbo ọdún yẹn?

Láàárọ̀ Sátidé, àbúrò yín, Bàbá Anyama, mú káfíńtà wá sétí omi. Káfíńtà ti wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ayùn rẹ̀. Èmi náà wọlé, mo tú okùn, mo fa ẹ́ńjìnnì, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò yín ń pariwo létí omi. Káfíńtà di etí ọkọ̀ mú, ó ń ka gbogbo súrà tó mọ̀. Jẹ́jẹ́ ni mo gbé e gúnlẹ̀ sí Treichville; bọ́ọ̀sì ni káfíńtà wọ̀ padà.

Obìnrin mẹ́ta tó gbé àtíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń tà, bọ́ sínú ọkọ̀ níbẹ̀, wọn kò tilẹ̀ wo ojú mi. Èrò kò sá, Bàbá.

Àwọn àgbà ti ránṣẹ́ pè mí. N ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní yọ̀ǹda ọkọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, n ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún pẹ́mì, ìwé àṣẹ láti wa ọkọ̀ ojú omi.

Ṣé ẹ ń bínú? Ẹ bínú. Èmi náà ń bínú pé ẹ kò fi ọkọ̀ náà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹ wà láyé. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lọ.

Ọmọbìnrin yín, tó ń wa ọkọ̀ yín.